Aláròsọ Ilé Wa

Ìṣẹ́-Èkìtì,
12 Oṣù Kẹta, 2024.

Mọ́mì mi,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ilé onílé, ẹ kú ooru Muscat nílẹ̀ Lárúbáwá tí wọ́n ní ó lè se ẹyin lórí òrùlé. Ṣé ara yín le? Ṣé àwọn tí ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ń jẹ́ kí ẹ sùn? Àwa nílé wà láàyè. Ìyá àgbà ń kí yín. Ewúrẹ́ wọn náà ń kí yín, òun ló jẹ káàdì èsì ìdánwò mi. Mi ò lé e. Èsì tó wà nínú káàdì yẹn, inú ewúrẹ́ ló yẹ ẹ́.

Sister Ọmọ́wùmí ará Àgbàdo tó ń dirun fún èèyàn níbẹ̀ yẹn lọ́dọ̀ yín ló máa mú lẹ́tà yìí dé. Ìsìnkú bàbá wọn ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n ní kí n tètè kọ ọ́, kí n má sì kọ ọ́ gùn, pé àwọn ò ní lè ru ìwé ìtàn kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ẹsẹ̀ adìẹ ló jọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Ẹ máa gbọ́ ẹ̀sùn mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi rò ó. Lọ́jọ́ kan mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ohùn Pásítọ̀ sọ fún àwọn kúáyà pé kí wọ́n máa lọ sílé, Olúwa ti gbọ́ orin wọn. Wọ́n lọ. Pásítọ̀ dé, àga nìkan ló bá. Lẹ́yìn ìyẹn mo wú irú ikọ́ tí Bọ̀dá Gbádébọ̀, àbúrò bàbá mi, máa ń wú lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó wọn sáré gbé ọbẹ̀ kaná, ó ń dúró de ọkọ rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná. Ìyá àgbà lé mi yípo ilé. Wọ́n ní, "Aláròsọ! Urọ́ lo máa fi ṣe ọkọ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bi yín, Mọ́mì. Mr. Ezekiel tó ń kọ́ wa ní Yorùbá kọ ọ́ gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó kọjá: ÌTÀN ÀRÒSỌ. (Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ sílé ìwé lọ́jọ́ yẹn.) Wọ́n ní èèyàn pàtàkì ni àwọn tó ń kọ ọ́, pé wọ́n a máa fún wọn lẹ́bùn, wọ́n a máa ya fọ́tò wọn sẹ́yìn ìwé. Mo nawọ́. Mo ní, "Sà, nílé wa aláròsọ ni wọ́n ń pè mí, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan rí àfi ìgbátí." Kíláàsì hó. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wá ń fi ohùn Sà fúnra wọn ka ìyókù ojú bọ́ọ̀dù, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò mọ èwo ni tíṣà.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá? Báwo ni orúkọ kan náà ṣe máa jẹ́ ti ẹni tó ń kọ ìwé, tí á tún jẹ́ ti ẹni tí Ìyá àgbà ń fi orógùn lé kiri? Ẹ̀yin lẹ ka ìwé jù nílé wa, ẹ dá mi lóhùn.

Ohun tí mi ò fẹ́ kọ ló kù. Bọ̀dá Gbádébọ̀ ń sọ pé ẹ ò padà wá mọ́. Wọ́n ní láti ààwẹ̀ èṣí ni ẹ ò ti pè, pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ti kú, tó bá dé ìlú òyìnbó, ó ti fẹ́ ẹlòmíì nìyẹn. Sister Ọmọ́wùmí sọ fún wọn pé irọ́ ni, pé àwọn ń rí yín. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ kì í tú àṣírí ọ̀rẹ́." Mo ní ẹ lè kọ lẹ́tà. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Lẹ́tà tí ìwọ náà lè jókòó sẹ́yìn ilé kí o kọ? Ohùn ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́." Yàrá yín ni ojú wọn wà lára, Mọ́mì. Wọ́n fẹ́ kó àpò kòkó sí i. Wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù yín lọ fún àwọn ará ilé yín ní Ìkẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá sì ti kó ẹrù ìyàwó jáde, èwo ni ti ìyàwó náà mọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ilé. Ìyá àgbà máa ń gbé fóònù wọn sórí itan bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ.

Èmi ni tiyín tó ń retí,
Ayọ̀mípọ̀sí.


Muscat,
5 Oṣù Karùn-ún, 2024.

Pọ̀sí mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá wa, mo kí Akọ̀wé àti ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a sunkún ara wa.

Lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Kámẹ́rà wà lẹ́nu géètì ilé yìí, Madam kò sì fẹ́ kí àlejò wá mi wá. Ìgbà tí mo lọ da ilẹ̀ nù ni Ọmọ́wùmí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tó ki ìwé náà bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo tọ́jú u sínú kọ́mú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, mo fi aṣọ bo ẹnu.

Jẹ́ kí n bá ọ wí kí n tó gbàgbé. Ta ló ní kí o máa lọ sílé ìwé nígbà tó bá wù ọ́? Ṣé ìwọ rò pé eré ni mo wá ṣe níbí? Ẹnu rẹ mú, orí rẹ pé, jókòó kí o kàwé.

Fóònù mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Madam láti ààwẹ̀ èṣí. Ó ní fóònù ló ń jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ ronú ilé. Pásípọ́ọ̀tù mi náà wà níbẹ̀. Má sọ ìyẹn fún Ìyá. Sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ̀kì ni kò dáa. Sọ fún wọn pé mo sanra.

Ọ̀rọ̀ tí o bi mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n bú bàbá mi ní aláròsọ rí. Agbẹ́gilére ni wọ́n, o mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wọn, bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà nínú oyún, kò sí fọ́tò. Ó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́ ojú bàbá òun. Bàbá mi kò rí ọkùnrin náà rí. Wọ́n ní kí ọmọ náà jókòó, wọ́n bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, èwo nínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ní ó jọ ọ́. Wọ́n wá lọ gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyá ọmọ náà rí igi yẹn, ńṣe ló kúnlẹ̀ fún un. Àwọn ará àdúgbò ní, "Aláròsọ ni bàbá yìí, ó ń fi igi sọ ohun tí kò ṣojú ẹ̀." Bàbá mi ní, "Ẹ pè é re. Rò ló ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ náà, sọ ló tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ láìrò, kí ni kí a pè yín?"

Mo bi wọ́n nígbà tó yá bóyá òpùrọ́ náà kì í rò. Wọ́n ní ó ń rò o, ó tilẹ̀ ń rò ju oníṣẹ́ ọnà lọ. Inú igbó kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń gé igi. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ ń rò ó fún ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi ọ́, Pọ̀sí: gbogbo èyí tí ò ń rò, ta lò ń rò ó fún?

Ní ti Akọ̀wé tó fẹ́ gba yàrá mi, má bá a jiyàn. Ó lè bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí ọ̀nà bá là, mo máa pè.

Ìyá rẹ ni.


Ìṣẹ́-Èkìtì,
23 Oṣù Kẹfà, 2024.

Mọ́mì mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọkọ Sister Ọmọ́wùmí tó máa ń lọ ra ọjà lọ́dọ̀ wọn ló mú lẹ́tà yín wá, òun náà ló máa mú èyí padà. Mo ti sọ fún Ìyá àgbà pé ẹ sanra. Wọ́n ní, "Ṣé ó sanra ju bó ṣe wà lọ? Báwo ló ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé?" Inú wọn dùn.

Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá yín títí ìwé náà fi rọ̀. Mo ní ó dáa, tèmi kì í ṣe fún ara mi. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ jókòó, Mọ́mì. Bí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ jókòó.

Lọ́jọ́ Saturday tó kọjá, Bọ̀dá Gbádébọ̀ mú káfíńtà wá. Wọ́n fẹ́ tú kọ́kọ́rọ́ yàrá yín. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn náà, wọ́n ní kí wọ́n gba orí àwọn kọjá. Bọ̀dá ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ̀ ń ṣọ́ yàrá ẹni tó ti gbàgbé yín." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sáré bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo yá fóònù Precious ọ̀rẹ́ mi, mo ní kó bá mi ṣe é kí nọ́ńbà má hàn, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń sá kòkó, mo pe fóònù Ìyá àgbà.

Mo fa ohùn mi wálẹ̀. Mo fi ohùn Ìkẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i. Mo kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ìyá Pọ̀sí ni."

Mọ́mì, mo gbọ́ bí àga ṣe ṣubú. "Háà! Uyàwó mi! Ẹ wá gbọ́ o, uyàwó mi ló wà lórí fóònù! Gbádébọ̀, ṣé o gbọ́? Ṣé ara rẹ le, ọmọ mi? Ṣé wọn ò fi uyà jẹ ọ́? Ṣé o ń jẹ uṣu níbẹ̀?"

Mo ní mò ń jẹ ẹ́. Mo ní fóònù mi ló bàjẹ́. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí mi, àní wọ́n ń kí yín. Èmi náà fẹ́ sunkún lẹ́yìn ilé níbẹ̀, mo di imú mú.

Bọ̀dá ní, "Ẹ fi sí sípíkà." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó wa, o ṣeun o. Ọdún kan gbáko! O wá rántí pé o nílé lónìí tí a fẹ́ ṣílẹ̀kùn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan yàrá mi. Mò ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

Mo wá rò ó pé ẹ̀yin ṣáà jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Mo rò ó pé àwàdà ni Akọ̀wé tí ẹ máa ń pè wọ́n, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di gidi, orúkọ gidi ni àgbà fi ń pe àbúrò. Mo le ohùn. Mo ní, "Gbádébọ̀! Mo ní mò ń bọ̀!"

Káfíńtà tó ń kan nǹkan gọ̀ngọ̀ngọ̀ dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ Bọ̀dá tí wọ́n ní, "Kí lo pè mí?" Mo pa fóònù.

Nígbà tí mo yọ láti ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó lọ da omi nù, wọ́n ti ń rìn síwá sẹ́yìn. "Èmi! Ìyàwó tí mo wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé! Tí mo fi ọwọ́ mi bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá! Ó pè mí lórúkọ gbangba lójú káfíńtà!" Ìyàwó wọn káwọ́ lórí: "Òkè òkun ti bà á jẹ́." Bọ̀dá ní kí káfíńtà máa lọ. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Wọ́n wá ní kò sí ìdí láti jalẹ̀kùn mọ́, pé ní ìpàdé ẹbí oṣù Kẹjọ gbogbo ẹbí ni yóò gbé ẹrù yẹn jáde, nítorí obìnrin tó bá ti pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kúrò nílé.

Ìyá àgbà kàn ń wò mí.

Mọ́mì, mo ti ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín aláìgbọ́n,
Pọ̀sí.


Muscat,
28 Oṣù Keje, 2024.

Ayọ̀mípọ̀sí,

O fi ẹnu mi pe ọkọ mi lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ yìí, mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo wọ ilé yẹn, ọmọ kékeré ni Gbádébọ̀ (wò ó, mo ní láti kọ ọ́ kí n tó lè bá ọ wí). Òun ló ń ka lẹ́tà fún gbogbo ilé nígbà yẹn, tí á jókòó sórí odó, tí àwọn àgbà á yí i ká. Mo wò ó, mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Kì í ṣe àwàdà. Bí ìyàwó ṣe ń wọlé nìyẹn: ẹni tó bá bá nílé, bó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Á wá orúkọ fún un láti inú ìfẹ́ ara rẹ̀. Orúkọ tí mo fún àwọn ará ilé yẹn ni ilé tí mo kọ́ síbẹ̀. Mi ò ní ilẹ̀, mi ò ní kòkó. Òun ni mo ní. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí wọ́n ń wò mí bóyá mo máa lọ, Akọ̀wé ló dìde tó ní, "Ìyàwó wa kò lọ síbì kankan." Ẹni yẹn lo bá mi pè bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀.

Níbí, orúkọ mi ni "Ìwọ." Kò sí ẹni tó bi mí léèrè orúkọ rí. Nílé nìkan ni mo ti ní, o sì ti lọ bà á jẹ́ fún mi.

Mo bi ọ́ pé ta lò ń rò ó fún. Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o kò rò ó dé ìdí. Bàbá mi kọ́kọ́ ní kí ọmọ yẹn jókòó, kí wọ́n tó mú àáké.

Lọ síwájú ẹbí, kí o kúnlẹ̀, kí o sọ pé ìwọ ni. Bí wọ́n bá nà ọ́, gbà á. Má fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Fi tìrẹ.

Ìyá rẹ.


Ìṣẹ́-Èkìtì,
18 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Mọ́mì mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ dárí jì mí.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á ní ilé ìwẹ̀. Mo wẹ ojú mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣì mọ̀ pé mo sunkún.

Wọ́n pé sí pálọ̀. Bàbá Akíndélé olórí ẹbí jókòó sáàárín, wọ́n ń fi igi họ eyín. Bọ̀dá Gbádébọ̀ ro ẹjọ́ wọn. Wọn ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní, "Kì í ṣe nítorí àpò kòkó mọ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn bí ẹ̀gbọ́n. Ó pè mí bí ajá." Olórí ẹbí ní, "Ta ló tún gbọ́ ọ?" Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́. Bàbá Akíndélé ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí a ń wá?"

Mo dìde. Mo ti ṣí ẹnu. Ìyá àgbà fi ọ̀pá wọn tì mí lórúnkún, mo jókòó pàá. Wọ́n ní, "Akíndélé, jẹ́ n sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ní kó pè é."

Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá àgbà.

Wọ́n ní, "Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, mo pè é wọ yàrá mi. Mo ní, uyàwó mi, o ti pa ẹnu mọ́ lórí orúkọ gbogbo ọmọ ulé yìí láti ọjọ́ tí o dé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, ta ló kù nínú ulé yìí tó máa pe Gbádébọ̀ ní Gbádébọ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ ti lọ. Ọkùnrin tí kò bá ní ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀ mọ́, ìgbàkigbà ló lè ṣìnà. Mo ní, lọ́jọ́ tí o bá rí i tó ń ṣe ohun tí kò yẹ, mo fún ọ láṣẹ, pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó mọ̀ pé èmi ló ń pè é." Wọ́n wá yí ojú sí Bọ̀dá. "Yàrá opó lò ń já lọ́jọ́ náà. Gbádébọ̀, èmi ni mo pè ọ́."

Mọ́mì, Bọ̀dá Gbádébọ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó yá wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá àgbà, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun wọn. Bàbá Akíndélé ju igi eyín sọnù, wọ́n ní ó tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ yàrá yẹn, àwọn tó bá ní kòkó kí wọ́n lọ kọ́ ilé kòkó.

Nírọ̀lẹ́ mo bá Ìyá àgbà nídìí iṣu tí wọ́n ń bẹ. Mo ní, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Mọ́mì?"

"Èmi? Ìgbà wo?"

"Ìyá! Àròsọ ni?"

"Mú uṣu yẹn fún mi."

Mo gbé iṣu fún wọn. Mo ní, "Aláròsọ." Mo rò pé wọ́n máa fi ọ̀bẹ lé mi. Wọ́n kàn ń bẹ iṣu. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ti ń rò ó, pé àwọn rò ó títí àwọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé èmi ni láti ibi tí mo ti pe Gbádébọ̀, nítorí bí wọ́n fi ọ̀bẹ sí yín lọ́rùn ẹ ò ní pe ọmọ ilé lórúkọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n kó tó di ibẹ̀, Pọ̀sí, uyàwó mi ti dé. Mo ti gbé e mọ́ra. Ìwọ lo tún gbà á lọ́wọ́ mi. Má ṣe é mọ́ láyé. Mi ò lágbára à ń rí i, à ń pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà."

Mo búra pé mi ò ní ṣe é mọ́. Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín: láàárọ̀, kí wọ́n tó jí, mo máa ń fi ohùn yín jí ara mi. "Pọ̀sí, ilẹ̀ ti mọ́ o." Ìyẹn náà mo ti fi sílẹ̀. Ilé wá dákẹ́ jù.

Mò ń lọ sílé ìwé. Mr. Ezekiel ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé dípò kí n máa fi ẹnu ba kíláàsì jẹ́.

Ẹ wá ọ̀nà kí ẹ pè, Mọ́mì. Kí wọ́n gbọ́ ti gidi.

Ọmọ yín,
Pọ̀sí.


Muscat,
20 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti dárí jì ọ́ kí lẹ́tà rẹ tó dé. Èyí tí mo kọ sí ọ yẹn, ìbínú ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Mo pe ilé.

Ọjọ́ Friday ni. Madam àti gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ kí àwọn èèyàn wọn ní ìlú mìíràn. Ọmọ́wùmí bẹ ẹ̀ṣọ́ tó ń wo kámẹ́rà, ó na fóònù tirẹ̀ sí mi láàárín irin géètì. Mo pe nọ́ńbà Ìyá láti orí, mi ò gbàgbé ẹyọ kan. Ó dún títí. Wọ́n gbé e.

Mo ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá. Èmi ni, mà."

Mò ń gbọ́ adìẹ. Mò ń gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n wá ní, pẹ̀lẹ́ ni, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, "Pọ̀sí. Kí ni mo sọ fún ọ?"

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe Pọ̀sí. Èmi ni."

"O tún ti mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Àní o tún ti fi ẹkún sí i." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé o rò pé bó bá wà níbi tó ti lè pè, kò ní pè? Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Mo gbá yàrá rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo sá ẹní rẹ̀ sóòrùn, mo ṣí fèrèsé. Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì kí n lè gbá abẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó bá dé, bó ṣe fi í sílẹ̀ ló máa bá a. Ìwọ máa bọ̀ wálé, oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò. Wá jẹun."

Pọ̀sí, mo lè sọ nǹkan tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Ó pọ̀ lẹ́nu mi. Orúkọ tí mo pè wọ́n lọ́jọ́ tí mo bí ọ, àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo ti fẹ́ sọ ọ́. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, wọ́n máa bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Madam ti ní òun kò ní fi pásípọ́ọ̀tù mi sílẹ̀ lọ́dún yìí, kò sì sọ ti ọdún tó ń bọ̀. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, kò sí ẹni tó máa bi mí ní nǹkan kan.

Mo sọ ohùn mi di tínrín. Mo fi ohùn Ìṣẹ́ sí i, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, "Ó dáa, Ìyá àgbà. Ẹ má bínú. Mò ń bọ̀ wá jẹun."

Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa," wọ́n pa fóònù.

Má sọ fún wọn. Bí wọ́n bá bá ọ wí pé o pe àwọn, gba ìbáwí náà, tèmi ni. Kí o máa bá wọn ṣí fèrèsé yẹn.

Mo dá fóònù padà fún Ọmọ́wùmí. Ó ní, "Ṣé wọ́n gbọ́ ọ?" Mo ní wọ́n gbọ́ mi. Mo padà wọ ilé ìdáná, mo bu ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo jẹun.

Ìyá rẹ ni.